Paul McCartney, Onígìtá Béèsì

Ẹ dárúkọ Paul McCartney láàárín àwọn olórin Èkó, kíá ni wọ́n á ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ Fela, ọ̀gá Afrobeat. Wọ́n á sọ fún yín pé lọ́dún 1973, ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ wá sí Àpápá láti wá ṣe àwo orin, àti pé Fela ká wọn mọ́bẹ̀, ó ní orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n wá jí gbé. Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n gìtá béèsì ni èmi ń ta, láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn, ohun tó sì máa ń dùn mí nínú ìtàn náà ni pé kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tí ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe níbi iṣẹ́. Ayé mọ McCartney sí akọrin. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Beatles. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gìtá béèsì ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ó sì ṣe é débi pé ọ̀nà tí àwa yòókù ń gbà ta á yí padà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ orin ni kì í mọ ibi tí béèsì wà. Wọ́n á gbọ́ akọrin, wọ́n á gbọ́ ìlù, wọ́n á gbọ́ gìtá tó ń ké lókè. Béèsì, àyà ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ọrùn rẹ̀ gùn ju ti gìtá yòókù lọ, okùn mẹ́rin ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, àwọn okùn náà sì ki. Èyí tó ki jù nínú wọn, bí ẹ bá ta á láìtẹ̀ ẹ́ níbì kankan, á gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí Leo Fender tó gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1951, béèsì onígi gìrìwò tó ga ju èèyàn lọ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ń gbé kiri. Lọ́dọ̀ tiwa, agídìgbo ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn nínú àpàlà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ orin Haruna Ishola, ẹ ó bá a nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ ohun tí wọn kì í gbọ́? Ẹ jẹ́ kí n fi dò-rè-mí ṣàlàyé. Bí onídùùrù bá tẹ dò, mí àti sọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí èmi náà sì ta dò nísàlẹ̀ rẹ̀, orin náà fìdí balẹ̀, ara tu olúkúlùkù. Kí onídùùrù má ṣí ìka rẹ̀ rárá. Kí akọrin má yí ohùn padà. Bí mo bá kàn kúrò lórí dò, tí mo bọ́ sórí là nísàlẹ̀, ìbànújẹ́ ti wọ inú orin náà nìyẹn, àwọn tó jókòó kò sì ní mọ ẹni tó mú un wọlé. Bí mo bá sì lọ jókòó sórí sọ̀ tí mo kọ̀ tí n kò padà sí dò, gbogbo ìjọ á máa retí, wọn ò ní lè mí kanlẹ̀ àfi ìgbà tí mo bá tó gbà. McCartney fúnra rẹ̀ ti sọ fáwọn akọ̀ròyìn pé ìgbà tí òun rí agbára yìí ni béèsì tó wu òun. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé kò wù ú tẹ́lẹ̀.

Ìlú Liverpool ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1942. Jim, bàbá rẹ̀, ń bá wọn ta òwú, ṣùgbọ́n ó ti ní ẹgbẹ́ orin jáàsì tirẹ̀ rí, ó mọ fèrè tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ó sì mọ dùùrù. Bí orin bá ń lọ lórí rédíò, bàbá yìí á ní kí ọmọ òun dẹtí sí ohùn tó wà nísàlẹ̀, á ní béèsì nìyẹn. Mo máa ń ronú sí ohun tí bàbá náà ṣe yìí. Ọmọ tí wọ́n bá ti fi etí rẹ̀ mọ ibẹ̀ ní kékeré, ibẹ̀ ni etí náà á máa wá títí ayé. Mary, ìyá rẹ̀, jẹ́ agbẹ̀bí. Ọdún 1956 ló kú, ọmọ ọdún 14 sì ni Paul. Fèrè ni bàbá kọ́kọ́ rà fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọn fèrè kó sì máa kọrin, ó bá lọ fi ṣe pàṣípààrọ̀ gìtá. Gìtá náà kò bá a lọ́wọ́ mu, torí ọlọ́wọ́ òsì ni, àfi ìgbà tó rí àwòrán akọrin Slim Whitman tó gbé gìtá sí òdìkejì. Ó tú okùn gìtá rẹ̀, ó tò ó padà láti òdì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1957, níbi ọdún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Woolton, ló ti pàdé John Lennon. Nígbà tó fi máa di 1960, wọ́n ti di ẹgbẹ́, wọ́n ti wà ní Hamburg ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré láti alẹ́ títí di òru ọ̀gànjọ́ ní àwọn ilé ọtí ìlú náà. Ẹni tó ń ta béèsì nígbà náà ni Stuart Sutcliffe, ayàwòrán, ọ̀rẹ́ Lennon. Owó àwòrán kan tó tà ni wọ́n ní kó fi ra béèsì, torí pé ẹgbẹ́ kò ní onígìtá béèsì. Nígbà tí Sutcliffe pinnu pé Hamburg lòun máa jókòó sí, kóun máa kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ, ipò náà ṣófo. Lennon kò fẹ́ ẹ. George Harrison kò fẹ́ ẹ. McCartney náà kò fẹ́ ẹ, torí lójú gbogbo wọn, ẹni tí kò bá rí ibòmíràn dúró sí ló ń lọ sídìí béèsì, lẹ́yìn pátápátá. Òun ló já lé lórí. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹrin 1962, Sutcliffe kú ikú àìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ya sí i nínú ọpọlọ. Ọmọ ọdún 21 ni.

Ohun tí mò ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì náà kò yàtọ̀. Ọmọ tó bá wá kọ́ orin, kíbọ́ọ̀dù ló máa kọ́kọ́ sáré sí, tàbí ìlù. Ẹni tó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń fún ní béèsì. Inú mi kì í sì í dùn sí i, torí ibi tí wọ́n ń ti ọmọ tó pẹ́ dé sí yẹn ni gbogbo orin gbé ìdí lé.

Hamburg yẹn kan náà ni McCartney ti ra béèsì tirẹ̀ lọ́dún 1961, Höfner tí àwọn ará Jámánì ṣe, tí ara rẹ̀ rí bíi ti fáólìn. Nǹkan bíi ọgbọ̀n pọ́n-ùn ló rà á. Béèsì Fender tí àwọn tó lówó ń lò nígbà náà gbówó lórí jù ú lọ púpọ̀. Owó nìkan kọ́ ló jẹ́ kó mú Höfner. Ọ̀tún àti òsì gìtá náà dọ́gba, kò ní ìwo kan tó gùn ju èkejì lọ, nítorí náà bí ọlọ́wọ́ òsì bá gbé e, kì í rí wọ́gọwọ̀gọ lọ́rùn rẹ̀. Inú rẹ̀ tún ṣófo, ó fúyẹ́. Àwa tí a ti fi béèsì onígi líle kọ́ èjìká láti ìṣọ́ òru di ìdájí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nǹkan tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ máa ń jẹ́ kí ìka sáré, ó sì hàn nínú bí ọkùnrin yìí ṣe ń ta á: ìka rẹ̀ kì í jókòó sójú kan, á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á fi ohùn kékeré kan dí àlàfo tí akọrin fi sílẹ̀.

Òun náà ló tún jẹ́ akọrin, iṣẹ́ sì nìyẹn. Ẹ gbọ́ “All My Loving” tí wọ́n ṣe lọ́dún 1963. Ohùn rẹ̀ ń lọ lókè bó ṣe fẹ́, ìka rẹ̀ ń rìn nísàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìdúró, èkíní kò sì bá èkejì rìn pọ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú rẹ̀ kò lè mọ bó ti le tó. Ohun tí ẹnu bá ń ṣe ni ọwọ́ máa ń fẹ́ ṣe. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n ta béèsì orin kan títí, títí tí wọ́n á fi lè máa ta á lọ kí wọ́n sì máa bá mi sọ ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Bí mo bá ní “Ẹ̀kọ àbí búrẹ́dì?” tí ọwọ́ ọmọ náà sì dúró nígbà tó fẹ́ dáhùn, kò tíì yá láti kọrin sí i.

Mo ti ní Fela fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin. Kí a tó dé Àpápá, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí McCartney ti kọ́ ohun tó mọ̀. Béèsì tó ta nínú “I Saw Her Standing There” lọ́dún 1963, inú orin kan ti Chuck Berry, olórin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ló ti mú un, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá fún òun nínú béèsì ni James Jamerson.

Jamerson, mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí tirẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, South Carolina ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1936, Detroit ló ti ṣiṣẹ́, ní sitúdíò Motown. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń ta béèsì, ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, òun sì ni béèsì rẹ̀ wà lábẹ́ orin Supremes, Four Tops, Temptations, Stevie Wonder. Gbogbo ayé ń jó sí i. Ṣùgbọ́n Motown kì í kọ orúkọ àwọn tó ń ta gìtá àti àwọn tó ń lu ìlù sí ẹ̀yìn àwo. McCartney tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún 1971 ni àwo Motown ńlá kan tó kọ orúkọ Jamerson sára ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde, èyí sì ni “What's Going On” ti Marvin Gaye. Ó kú lọ́dún 1983. Ọdún 2000 ni wọ́n tó gbà á sí ilé ìrántí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń fi Fela ṣẹ̀sín pé ó ń fura lásán, èmi kì í bá a rẹ́rìn-ín. Ìfura yẹn ní ìdí. McCartney dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ mìíràn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìṣòro tí àwọn Beatles ní ní sitúdíò EMI ní Abbey Road ni pé béèsì tiwọn kò dún tó ti Motown. Ìdí kan wà fún un. Rẹ́kọ́ọ̀dù ayé ọjọ́un, abẹ́rẹ́ ló ń rìn nínú ihò rẹ̀, bí béèsì bá sì pọ̀ jù, ihò náà á gbòòrò, abẹ́rẹ́ á fò. Ẹ̀rù èyí ń ba ilé iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1966, nígbà tí wọ́n ń ṣe “Paperback Writer”, Geoff Emerick, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wọn gba ohùn sílẹ̀, gbé sípíkà ńlá kan síwájú sípíkà béèsì, ó sì so wáyà rẹ̀ kí ó lè máa gba ohùn dípò kó máa gbé e jáde. Ohun tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ló sọ di ohun tí wọ́n fi ń gbọ́rọ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ fi orin náà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tó ṣáájú, ẹ ó rí i pé béèsì ti jáde kúrò nínú yàrá. Rickenbacker ló sì ti ń tà nígbà yẹn, onígi líle, ohùn rẹ̀ mú ju ti Höfner lọ.

Lọ́dún 1966 kan náà, wọ́n dáwọ́ ìrìn àjò ṣíṣe eré dúró, wọ́n wá ráyè jókòó sí sitúdíò. Ohun tí McCartney ṣe fún àwo “Sgt. Pepper” ti 1967 ni mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí. Tẹ́lẹ̀, béèsì àti ìlù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, kí wọ́n tó kó ìyókù lé e. Òun yí i padà: nínú ọ̀pọ̀ orin àwo náà, ó fi béèsì sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Àwọn yòókù á ti lọ ilé, òun àti Emerick á wà níbẹ̀ lóru. Ó ti gbọ́ ohùn gbogbo èèyàn, ó ti mọ ibi tí orin náà ti kún àti ibi tí àyè kù, ó wá ń ta béèsì bí ẹni ń kọ orin kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Àwo “Pet Sounds” ti àwọn Beach Boys ló ta á jí sí èyí, bó ṣe sọ. Lójú mi, láti ìgbà yẹn ni onígìtá béèsì nínú orin rọ́ọ̀kì ti lè sọ pé òun náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Beatles túká lọ́dún 1970. Ọdún 1971 ló dá Wings sílẹ̀ pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine. Ní oṣù Kẹwàá 1972, àwọn olè ja ọkọ̀ ẹrù ẹgbẹ́ náà ní Notting Hill ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n sì gbé Höfner àkọ́kọ́ yẹn lọ, èyí tó rà ní Hamburg.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Èkó. Ó fẹ́ ibi tí oòrùn wà, òjò ló bá, torí ìparí oṣù Kẹjọ ló dé. Kí wọ́n tó gbéra, onílù wọn ní òun kò lọ mọ́, onígìtá wọn ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló kù, pẹ̀lú Emerick. Sitúdíò EMI ní Wharf Road, Àpápá, kò rí bíi ti Abbey Road rárá, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọ̀nà mẹ́jọ péré ló sì ní. McCartney jókòó sídìí ìlù fúnra rẹ̀, ó lu ú sílẹ̀. Ó dìde, ó gbé béèsì, ó ta á lé ìlù tí òun fúnra rẹ̀ lù. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá òun àti Linda dúró lójú ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gba téèpù tí àwọn orin tuntun wà lórí rẹ̀ àti ìwé tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú rẹ̀. Ohun tó rántí ló fi parí iṣẹ́. Ó dákú ní sitúdíò lọ́jọ́ kan, tí Linda rò pé ó ti lọ.

Nígbà tí Fela dé, McCartney kò bá a jiyàn, ó ní kó gbọ́ orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Fela gbọ́ ọ, ó rí i pé kò sí Afrobeat níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. McCartney ti lọ sí Shrine, ilé ijó Fela, láti gbọ́ ọ, ó sì ti sọ pé omijé bọ́ lójú òun níbẹ̀ nítorí bí orin náà ṣe lágbára tó. Ó yé mi. Béèsì Afrobeat kì í rìn kiri. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ló ń sọ, á tún un sọ, á tún un sọ, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò ní yà sọ́tùn-ún kò ní yà sósì, kí ìlù àti fèrè lè rí ibi dúró lé. Ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí béèsì máa rìn ló wá dúró síwájú béèsì tó kọ̀ láti ṣípò. Èmi ń ta irú méjèèjì, mo sì lè sọ pé èyí tó dúró sójú kan ló le jù fún ọwọ́ láti ṣe.

“Band on the Run” ni orúkọ àwo náà, oṣù Kejìlá 1973 ló jáde, ó sì tà káàkiri ayé. Ọmọ Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ni Remi Kabaka, onílù. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ti lù tirẹ̀, nínú “Bluebird”, nígbà tí wọ́n ti kúrò ní Èkó.

Höfner tí wọ́n jí náà, ilé ọtí kan ní Notting Hill ni olè ti tà á fún ẹni tó ni ibẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ ìdílé yẹn títí wọ́n fi gbé e sórí àjà ilé kan ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2023, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ nípa gìtá Höfner jù àti àwọn akọ̀ròyìn méjì kéde fún gbogbo ayé pé àwọn ń wá a. Ìdílé náà rí ìkéde, wọ́n dá a padà. Ní oṣù Kejì 2024 ni ìròyìn rẹ̀ kàn. Ọrùn rẹ̀ ti là, wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2024, ní gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, McCartney, ẹni ọdún 82, gbé e kọ́rùn níwájú èrò, ó ta á, ó sì ń kọrin sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí mò ń wí, ẹ má fi sípíkà fóònù gbọ́ ọ, kò lè gbé ohùn tó wálẹ̀ tó yẹn jáde. Ẹ lo ìgbọ́rọ̀-etí tó dára tàbí sípíkà ńlá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí “Something” ti 1969, ẹ gbàgbé Harrison tó ń kọrin, ẹ tẹ̀ lé béèsì nìkan dé ìparí. Kí ẹ wá gbọ́ “Mrs. Vandebilt”, Àpápá ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, béèsì ló sì ń fà á lọ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi “What's Going On” sí i. Bí ẹ bá rí páálí àwo náà, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Orúkọ James Jamerson wà níbẹ̀.